Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta Tí Ubaldo Kọ Sára Ògiri

Inú ti ń bí Nereida kí ó tó jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ń wàásù lórí sùúrù, òun náà ń ṣe Àmín sí i, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ nìkan ló jókòó. Ọkàn rẹ̀ ti wọ bàtà, ó ti dé ibi ìfọkọ̀ Don Eligio. Wọ́n ti dá a dúró lójú ọ̀nà kí ó tó wọlé ìsìn, wọ́n sì sọ fún un pé Wáscar, àbúrò ọkọ rẹ̀, ń pariwo káàkiri àdúgbò El Tamarindo pé lónìí yìí ni òun máa pa nọ́ńbà Ubaldo rẹ́ kúrò lára ògiri. Ubaldo, ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Ubaldo tí kò lè dìde wá gbèjà ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú bọ ẹnìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ fún àlàáfíà, ó di ọwọ́ obìnrin tó jókòó tì í mú, ó ní, "Kí Olúwa dárí jì mí. Bí mo bá rí ọmọ yẹn lónìí, àlàáfíà kọ́ ni màá fún un."

Bí ẹ bá pàdé Nereida lójú pópó ní Baní, ẹ ò ní mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Obìnrin kúkúrú ni, irun iwájú orí rẹ̀ ti funfun, rósárì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó sì máa ń rìn bí ẹni tó ń lọ bá ẹnìkan wí. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ olórin kan ní agbègbè yẹn tí ampilifáyà inú rẹ̀ kò tíì sùn lórí tábìlì rẹ̀ rí. Píkọ́ọ̀pù àti jíìpù ni àwọn ọkọ̀ náà, tí àwọn ọkùnrin ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn wọn dànù, tí wọ́n to sípíkà kún un bí ẹni to ìṣáná sínú páálí. Ọkùnrin tí òrùlé rẹ̀ ń jò yóò jókòó sábẹ́ òjò, yóò ra sípíkà. Ìyàwó rẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ títí, kò ní gbọ́. Kí ni yóò fi gbọ́, nígbà tí etí ti lọ?

Ubaldo ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, Nereida ló máa ń di iná mú kí Ubaldo lè ríran lẹ wáyà. Nígbà tó yá, ó hàn pé ọwọ́ ìyàwó dúró jẹ́ẹ́ ju ti ọkọ lọ, ìyàwó sì lè ṣe ìṣirò lórí kí ọkọ tó wá bírò, torí náà ó di pé Ubaldo ló ń di iná mú. Wọ́n bímọ, wọ́n tọ́ wọn, àwọn ọmọ gba òkun kọjá lọ sí Nueva York. Ubaldo sì kú lórí ìjókòó dómínò lọ́sàn-án gangan, dómínò tó kàn án láti jù ṣì wà ní ìka rẹ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àwọn oníbàárà kọ́kọ́ ń gba ẹ̀yìnkùlé gbé ampilifáyà tó jóná wá fún un, wọ́n ń yọ́ kẹ́lẹ́ bí ẹni tó wá gba oògùn jẹ̀díjẹ̀dí, kí ẹgbẹ́ wọn má baà sọ pé obìnrin ló ń tún orin wọn ṣe. Ó ń tún un ṣe fún wọn, ó sì ń bú wọn. Nígbà tó yá, ojú tì wọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹnu ọ̀nà iwájú.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú àjọ̀dún Màríà Wúńdíá ti Regla, gbogbo olórin a kó ọkọ̀ wọn jọ sí ibi ìfọkọ̀ Don Eligio láti wọn agbára wọn. Wáàtì tí ampilifáyà oníkálukú bá tú jáde ni wọ́n ń fi ọ̀dà búlúù kọ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ onítọ̀hún, kò sì ní pẹ́ tí nọ́ńbà á gba ipò orúkọ. Ẹni tí tirẹ̀ bá ga jù ni ọkọ̀ rẹ̀ ń gbé orin ìyìn Màríà níwájú ìwọ́de, tí ère Màríà àti gbogbo ìlú á máa tẹ̀lé e. Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta ni Ubaldo. Ṣáájú ikú rẹ̀, kò sí ẹni tó tún ń pè é ní Ubaldo, àfi Nereida àti àlùfáà. Píkọ́ọ̀pù rẹ̀ ńkọ́? Ìyá Ìyàwó ló sọ ọ́, nítorí pé bí ó bá ti la ẹnu, gbogbo ilé gbọ́dọ̀ dákẹ́. Ìyá tó bí Nereida kò tíì dárí orúkọ yẹn jì í dòní.

Láti ìgbà tí Ubaldo ti kú, Nereida ló ń wa ọkọ̀ náà lọ́jọ́ àjọ̀dún. Yóò wọ aṣọ funfun, yóò fi rósárì kọ́ sára dígí, yóò máa wà á lọ díẹ̀díẹ̀, orin ìyìn á máa mi ilẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì máa gbọ́ tí àwọn arúgbó tó gbé àga síta ń sọ fún ọmọ-ọmọ wọn pé, Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta nìyẹn ń kọjá lọ. Ohun tó kù fún un nínú Ubaldo kò ju ìyẹn lọ. Aṣọ rẹ̀ ti gbó. Àwòrán rẹ̀ ti ń ṣí. Ohùn rẹ̀ tó wà lórí fóònù bá fóònù lọ nígbà tí fóònù bọ́ sómi. Nọ́ńbà yẹn ló kù, Nereida sì ti ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára òkúta sàréè rẹ̀ pàápàá, lábẹ́ orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un.

Kò sí nílé lọ́jọ́ tí wọ́n wọn nọ́ńbà náà. Nueva York ló wà, ó lọ tọ́jú ọmọ tuntun tí Yaniris, ọmọbìnrin wọn, bí. Orí fóònù ni Ubaldo ti kígbe sọ fún un. Ó rántí dáadáa: ọmọ tuntun wà léjìká rẹ̀ kan, fóònù wà létí kejì, òun sì ń jó nínú ilé ìdáná, Yaniris ń bẹ̀ ẹ́ pé màmá, ọmọ á bọ́.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà wọn agbára ampilifáyà, àárín méjèèjì sì ni ìjà ọjọ́ yẹn ti ṣẹ̀. Ti ibi ìfọkọ̀ rọrùn. Wọn á tú wáyà sípíkà kúrò lẹ́nu ampilifáyà. Wọn á fi fóònù kọ ohùn kan ṣoṣo gbọọrọ sí i, ohùn tó dà bí ìgbà tí màlúù ń kùn nínú yàrá kejì. Wọn á wá fi abẹ́rẹ́ mítà méjèèjì kan ẹnu ampilifáyà tó ṣófo náà. Iye fóòtì tí mítà bá kà, wọn á fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, wọn á fi óòmù sípíkà, ìyẹn ìwọ̀n bó ṣe ń dí iná lọ́nà, pín in, ohun tó bá jáde ni wáàtì. Wọ́n ní ìdí tí àwọn fi ń tú sípíkà ni pé, lọ́dún kan tí wọn ò tú u, gíláàsì ilé oògùn tó wà ní òdìkejì fọ́ yángá, oníléèwòsàn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì fẹ́ pe ọlọ́pàá.

Ní ṣọ́ọ̀bù Nereida, wọn kì í wọn ampilifáyà tí kò ru nǹkan kan. Korobá kan wà lábẹ́ tábìlì níbẹ̀. Ubaldo ló ṣe é. Ó kó àwọn irin tí wọ́n fi ń mú omi ìwẹ̀ gbóná jọ, ó so wọ́n pọ̀ títí wọ́n fi jẹ́ óòmù méjì gẹ́lẹ́, bíi ti sípíkà, ó sì rì wọ́n sínú omi korobá. Ampilifáyà tí a bá so mọ́ ọn yóò ṣe làálàá bí ẹni pé sípíkà ló gbé dání, ṣùgbọ́n kò ní pariwo. Omi ni yóò gba agbára náà, omi á sì gbóná. Ubaldo máa ń sọ fún àwọn oníbàárà pé omi ò mọ ojú rere. Ampilifáyà tó ń ka ọgọ́rin fóòtì nígbà tó ṣófo, bí ẹrù bá ti gun orí rẹ̀, tí bátìrì bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹ, ó lè já sí ọgọ́ta. Nereida kò fìgbà kan rò ó pé ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe korobá yẹn lè wọn tirẹ̀ lófìfo.

Korobá yẹn ni Nereida gbé dání dé ibi ìfọkọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn. Ó ti kọ́kọ́ padà sílé lọ bọ́ aṣọ ìsìn, ó gbé korobá sẹ́yìn Ìyá Ìyàwó, ó sì wà á wá. Ó bá wọn tí wọ́n ń pariwo. Wọ́n ti wọn Ilẹ̀ Mì, jíìpù Wáscar: mítà ka ọ̀kànlélọ́gọ́rin fóòtì, Don Eligio ti fi fóònù ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ wáàtì 3,280. Wáscar ti ti búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà. Ọkùnrin fìrìgbọ̀n ni, ó fi ṣéènì sọ́rùn, ẹ̀rín kì í sì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀ bí ó bá rí ẹni tí ọ̀rọ̀ fẹ́ dùn.

"Ẹ kú ìsìn, ìyàwó wa," ló wí. "Ẹ rántí wa nínú àdúrà?"

"Mo rántí ẹ. Mo ní kí Ọlọ́run fún ẹ lójú tó ń tini. Gbé búrọ́ọ̀ṣì yẹn sílẹ̀."

"Mítà ti sọ̀rọ̀ o. Don Eligio ló kà á, èmi kọ́."

"Ohun tẹ́ ẹ bi mítà ló dá yín lóhùn. Ẹ bi í pé báwo ni ọkùnrin yìí ṣe lágbára tó nígbà tó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Gbé ẹrù lé e lórí ká wò ó."

Ẹnìkan sọ láti ẹ̀yìn pé ìyàwó Wáscar náà ti ń bèèrè ohun kan náà láti ọdún èṣí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí bíà fi gba imú ẹlòmíì jáde. Nereida kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé korobá sílẹ̀ láàárín wọn, omi tú sí i lẹ́sẹ̀.

Bí wọ́n ṣe rí korobá yẹn, ẹ̀rín wọn dínkù. Nereida rí i. Ó rí i pé àwọn tó dàgbà nínú wọn ń wo ara wọn, pé ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé bàtà òun nílò ìsokùn. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rù Wáscar ló ń bà wọ́n, pé wọ́n ti gbà láti bá a tàbùkù òkú, inú rẹ̀ sì tún bí sí i. Don Eligio, tó ni ibi ìfọkọ̀, tó ni mítà, tó sì gbé Yaniris níbi ìrìbọmi, tí òun àti Nereida fi ń pe ara wọn ní compadre àti comadre, fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń bá màlúù tó já okùn sọ̀rọ̀.

"Comadre, ẹ fi eléyìí sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tá a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Bó bá di àmọ́dún, ká wá bẹ̀rẹ̀ korobá."

"Àmọ́dún, lẹ́yìn tí ó bá ti pa á rẹ́ tán?"

"Nọ́ńbà ni, kì í ṣe èèyàn."

"Ẹ̀yin náà, compadre? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ọmọ mi lọ́wọ́ níwájú pẹpẹ?"

Don Eligio wo ojú obìnrin náà, ó yà kúrò lọ́nà fún un.

Nereida fúnra rẹ̀ ló tú gbogbo rẹ̀, tó so ó. Ó fi mítà kan ẹnu irin inú korobá kí gbogbo wọn lè rí i pé óòmù méjì ni, ó so ẹnu ampilifáyà Ilẹ̀ Mì mọ́ ọn, ó ní kí Wáscar tan ọkọ̀, kó má sì pa á. Ohùn gbọọrọ náà wọlé. Kò sí ariwo kankan, àfi omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ wúyẹ́wúyẹ́ nídìí korobá, àti ẹ́ńjìnnì tó rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé lójijì. Mítà lọ sókè, ó rò ó wò, ó sì jókòó sórí mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

"1,984," ni Nereida wí. Don Eligio ṣì ń wá ibi ìsọdipúpọ̀ lórí fóònù rẹ̀. Nígbà tó rí i, òun náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n wá fi Wáscar ṣe ẹlẹ́yà. Wọ́n ní ẹgbẹ̀fà ó lé wáàtì ti bọ́ lójú ọ̀nà, kí ó padà lọ wò ó bóyá ẹnìkan ti ṣà á. Wọ́n ní kí ó fi omi náà wẹ̀. Wáscar dúró, etí rẹ̀ pọ́n, búrọ́ọ̀ṣì ń kán ọ̀dà sí i lórí ṣòkòtò. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí. "Omi ò mọ ojú rere. Ẹ sún Ìyá Ìyàwó bọ̀ níbí."

"Wáscar," ni Don Eligio pè é.

"Rárá o, Don Eligio. Mo ti dákẹ́ tó."

Wọ́n ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ká ní Nereida dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tó wà nínú "mo ti dákẹ́ tó" yẹn ni, ì bá ti gbé korobá rẹ̀ lọ sílé. Ohun tó ń gbọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀. Ó sún Ìyá Ìyàwó bọ̀. Bátìrì rẹ̀ kún, òun fúnra rẹ̀ ló ti ń gba iná sí i mọ́jú. Kò sí eruku kan lára ampilifáyà náà. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ó ṣe ẹ̀tàn, ó ní òun máa kọ́kọ́ fi ọ̀nà tiwọn wọn ọ́n, lófìfo, kí wọ́n rí i pé ara ẹ̀rọ náà dá ṣáṣá bíi tàtijọ́. Ó fi abẹ́rẹ́ mítà kàn án.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin àtààbọ̀.

Ó ṣírò rẹ̀ lórí, bó ṣe máa ń ṣe, láìrò ó. Mẹ́tàdínlọ́gọ́rin àtààbọ̀ lọ́nà ara rẹ̀. Pín in sí méjì. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ìyókù kò tó nǹkan.

Ó tún un ṣírò. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náà ni. Nọ́ńbà ara ògiri nìyẹn, nọ́ńbà ara òkúta sàréè nìyẹn, gẹ́lẹ́ bó ṣe rí, òfìfo ló sì wà lẹ́nu ampilifáyà. Bí ó bá jẹ́ pé korobá ni Ubaldo fi wọn ọ́n nígbà náà, òfìfo tòní ì bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Gbogbo wọn ń wò ó bí ẹni tó ń wo ọmọdé tó ń rìn lọ sétí kànga.

Ó lè dúró níbẹ̀. Ó lè sọ pé orí ń fọ́ òun. Kò sí ọkùnrin kan níbẹ̀ tí kò ní gbà á gbọ́, kódà wọn ì bá gbé àga fún un. Ohun tó bí i nínú jù nìyẹn, pé wọ́n ti ṣe tán láti gbé àga. Ó tú wáyà, ó so korobá mọ́ Ìyá Ìyàwó, Don Eligio sì bá a di wáyà kan mú. Omi sọ wúyẹ́wúyẹ́. Mítà rò ó wò.

Méjìdínlọ́gọ́ta.

"1,682," ló wí, ó sì yíjú sí wọn. "Ta ló mọ̀?"

Wọ́n wo bàtà wọn.

"Gbogbo yín."

Wáscar ló dáhùn. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì dà bí ẹni tó fẹ́ kí ó padà wá. "Èmi ni mo bá a tú wáyà. Ó gbé korobá wá lọ́jọ́ yẹn, ìyàwó wa, ó fẹ́ fi korobá ṣe é. Ó wọn ọ́n, ó rí ohun tẹ́ ẹ rí yìí. Ó da omi náà nù sórí ilẹ̀ tẹ́ ẹ dúró sí yìí, ó ní ká tú u, ká ṣe é bí tàwọn yòókù."

"Kí ló dé? Kí ló ń lé e?"

Wáscar wo Don Eligio. Don Eligio ṣí fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Ó ti pè yín láàárọ̀, kí ó tó dé ibí rárá," ni Don Eligio wí. "Ó ti sọ fún yín pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni. Ó rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Ó ní, 'Eligio, kí ni mo fẹ́ sọ? Obìnrin yẹn ti jó.'"

Nereida kó gbogbo wọn pọ̀, ó bú wọn. Ó ní ta ló rán wọn ní ojú àánú. Ó ní ọdọọdún ni wọ́n ń jẹ́ kí òun ṣáájú Màríà Wúńdíá pẹ̀lú irọ́ lẹ́yìn ọkọ̀, òun ń gbàdúrà, òun ń gbé orí ga, gbogbo wọn sì ń tẹ̀lé òun bí àgùntàn, wọ́n ń mọ̀ ọ́n sínú. Ó ní bí òun bá kàn wọ́n nínú àdúrà lálẹ́ òní, kí wọ́n má ṣe Àmín. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ibi tó dojú kọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Don Eligio bọ́ síwájú ògiri, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún òkú, comadre."

"Òkú ò nílò wáàtì. Ẹ yà lọ́nà."

Ó fi ọ̀dà bo ẹgbẹ̀rún mẹ́ta náà, ó bò ó títí ògiri fi ń sunkún búlúù. Ó kọ 1,984 Wáscar sókè. Ó kọ 1,682 Ubaldo sísàlẹ̀ rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri bí ẹni tó ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn ẹnìkan. Lẹ́yìn náà ló yíjú padà, ó ní kí ẹni tó kàn gbé ọkọ̀ rẹ̀ bọ̀.

Kò sí ẹni tó gbà á lẹ́nu lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tò wá síwájú korobá bí ẹni tó fẹ́ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, nọ́ńbà wọn sì ń já bọ́ bíi máńgòrò tí afẹ́fẹ́ gbá, kò sí èyí tó dé 1,984 Wáscar. Ẹnìkan tó jẹ́ Ẹgbẹ̀rún Méjì láti ìgbà èwe rẹ̀ kò tó ẹgbẹ̀rún kan nígbà tó lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ kò sì mọ ohun tí òun máa pè é mọ́. Omi korobá gbóná débi pé ẹnìkan fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú sínú rẹ̀. Nereida gbá a lọ́wọ́.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ló fi ń bínú. Ó ń lẹ wáyà, ó ń bá Ubaldo jà. Ó ń ro mangú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ gígún, láàárọ̀, ó ń lu ọ̀gẹ̀dẹ̀ inú ìkòkò bí ẹni pé ó ṣẹ̀ ẹ́. Yaniris pè láti Nueva York, ó ní màmá, kí lẹ fẹ́ kí dádì ṣe, ìfẹ́ ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Nereida ní bí o bá fẹ́ sunkún, má fi owó ìpè sunkún, ó sì pa fóònù. Ó lọ bá agbẹ́kùúta. Agbẹ́kùúta ní ohun tí a bá ti gbẹ́ sínú òkúta kì í ṣe ọ̀dà, pé bí òun bá fẹ́ pa á rẹ́, àfi kí òun gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Nereida bú agbẹ́kùúta náà. Lọ́jọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún, Wáscar wá kan ilẹ̀kùn, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì mímọ́, ó ní kí ìyàwó wa jọ̀ọ́ wá jókòó níwájú Ilẹ̀ Mì pẹ̀lú òun lọ́la. Nereida ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Lẹ́yìn náà ló ṣí i padà, ó fún un ní kọfí, ó sì tún un tì.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ó wà láàárín àwọn obìnrin, aṣọ funfun rẹ̀ lọ́rùn, rósárì lọ́wọ́, Ilẹ̀ Mì níwájú, ère Màríà lẹ́yìn rẹ̀ léjìká àwọn ọkùnrin. Nígbà tí wọ́n dé ẹ̀bá ìtẹ́ òkú, ó yà kúrò nínú ìlà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Sàréè Ubaldo kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Ó dúró níwájú rẹ̀, ó wo òkúta náà. Ẹgbẹ̀rún Mẹ́ta. Wọ́n gbẹ́ ẹ dáadáa, ó jinlẹ̀.

"O ò tijú," ló wí fún un. "Ta ló bèèrè ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ́wọ́ ẹ? Ṣé torí wáàtì ni mo ṣe fẹ́ ẹ ni? Rédíò oníbátìrì kan lo ní nígbà tí mo fẹ́ ẹ, tí kì í sọ̀rọ̀ bí a ò bá gbá a létí. Mo jó sí ìyẹn náà. Ká ní o pè mí padà, ká ní o sọ pé, 'Nereida, mo ṣì í, 1,682 ni,' màá bú ẹ, màá sì tún jó. Ẹgbẹ̀rin ni ì bá jẹ́, Ubaldo, màá jó."

Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ìbínú.

"Agbẹ́kùúta ní kò ṣe é pa rẹ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Kó wà níbẹ̀ kójú máa tì ẹ́."

Ó ṣì fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ kan ló kó wá, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbọ́ nǹkan kan. Orin ìyìn tó ń bọ̀ láti ojú ọ̀nà ti bàjẹ́. Ohùn àwọn akọrin ń ya bí aṣọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń gbó bí ajá. Kò nílò mítà láti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: 1,984 ń dun Wáscar, ó sì ti yí orin náà sókè kọjá agbára rẹ̀, kí ìlú lè rò pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ló ṣì ń ṣáájú. Bátìrì rẹ̀ ń kú lọ. Bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀ sí i, sípíkà á jó níwájú Màríà.

Nereida ká aṣọ funfun rẹ̀ sókè, ó sáré. Ó gba àárín àwọn obìnrin kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ ère kọjá, ó gba iwájú àlùfáà tó di ìwé orin mú kọjá láìkí i, ó fi ọwọ́ lu fèrèsé Ilẹ̀ Mì.

"Ẹ̀rọ ń sunkún, ìwọ ò gbọ́?"

Wáscar sọ gíláàsì kalẹ̀. "Ìyàwó wa, bí mo bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ò ní gbọ́."

"Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ á sún mọ́ iwájú."

Ó na ọwọ́ wọlé kọjá imú ọkùnrin náà, ó di ohun ìyísókè náà mú, ó yí i wálẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń fetí sí i, títí gbígbó yẹn fi dákẹ́ tí ohùn àwọn akọrin sì mọ́. Kò dún sókè púpọ̀. Lẹ́yìn wọn, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohùn ara wọn nínú orin náà.

Kò yọ ọwọ́. Wáscar wo ọwọ́ náà, ó wo ojú ọ̀nà, ó sì na apá kọjá lọ ṣí ilẹ̀kùn kejì. Nereida yí ká ọkọ̀ náà, ó wọlé, ó jókòó, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Kì í ṣe pé ó ti dárí jì í. Kò kàn fọkàn tán an ni, pé bí òun bá kúrò níbẹ̀, kò ní tún yí i sókè.